Ẹni Tó Mọ Ilẹ̀

Ogójì ọdún ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Dokkum.
Kò sí táyà tí n kò lè lẹ̀,
kò sí ṣéènì tó já tí n kò rí so,
àmọ́ ọmọ ọmọ mi kò lè gun kẹ̀kẹ́.

Ní ìlú tí arúgbó ọgọ́rin ọdún ti ń fi kẹ̀kẹ́ lọ ra búrẹ́dì,
tí wọ́n ń gbé ọmọ ọwọ́ síwájú, gbé ajá sẹ́yìn,
Hidde ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.
Láàárọ̀, bọ́tìnì á máa bá a jà:
èyí tó yẹ kó wọ ihò kejì á wọ ìkẹta,
kọ́là á gòkè lápá kan
bí ẹni tó ń sọ èjìká pé kí ló kàn mí.
Ó lè ṣàlàyé okùn bàtà fún ọ láìṣì sọ,
ẹnu rẹ̀ á so ó tán pátápátá;
àwọn ìka ni kò ní gbọ́.
Ṣokoléètì wínníwínní tí à ń wọ́n sórí búrẹ́dì
á fọ́n ká abẹ́ tábìlì
bí èèrà tó ṣìnà ilé.
Ìyá rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan.
Aago ara ògiri ló ń sọ̀rọ̀.

Dókítà ní Leeuwarden fún un ní orúkọ gígùn kan.
Ó ní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe òpè,
iṣẹ́ tí orí ń rán ọwọ́ ló ń sọnù lójú ọ̀nà.
Mo gbọ́. Mo mi orí.
Mo délé, mo tún gbé kẹ̀kẹ́ pupa jáde.
Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.
Mo di ìdí ìjókòó mú, mo ń sá tẹ̀lé e létí odò
títí àyà mi fi ń fẹ́ bí ẹwìrì.
Ìgbà mọ́kànlá ló ṣubú. Mo kà á.
Òun náà ti ń kà á. Ó ní, “Pake,”
(bẹ́ẹ̀ là ń pe bàbá àgbà níhìn-ín)
“méjìlá ni. Ẹ ò rí èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn igi.”

Tí wọ́n bá ń pín ara wọn fún bọ́ọ̀lù níléèwé:
“Ẹ̀yin lẹ máa mú un.”
“Rárá o, àwa la mú un lánàá.”
Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ròyìn òjò.

Lóṣù kejì, odò dì.
Ọjọ́ mẹ́ta péré.
Gbogbo ìlú tú jáde sórí yìnyín.
Níbí, ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń yọ̀ lórí omi dídì
a máa ti àga ilé ìdáná síwájú,
kò sì sẹ́ni tí í fi í rẹ́rìn-ín.
Hidde ti tirẹ̀, àga tí ẹsẹ̀ kan kúrú,
kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, bọ́tìnì sódì.
Èmi ni mo ń fẹlá. Mo ní, “Wò mí!”

Gbì!

Ojú ọ̀run funfun. N kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà.
Ojú Hidde yọ lókè orí mi, ó ń mí èéfín.
Kò rẹ́rìn-ín. Kò fà mí lọ́wọ́,
ó mọ̀ pé àwa méjèèjì la máa wó.
“Ẹ má tètè dìde. Ẹ jẹ́ kó dùn yín tán ná.
Ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún kan. Ẹ dúró.
Ẹ má wo àwọn èèyàn, wọ́n á ti kọjá kí ẹ tó dìde.
Ó yá, ìkejì.”
Ó wá ti àga sún mọ́ mi.

Mo ta kẹ̀kẹ́ pupa lọ́jọ́ Ẹtì.
Láàárọ̀, èmi àti ẹ̀ jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé.
Ó ń pẹ́ ká tó débẹ̀.
A máa ń rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ.