Bàtà Lékeléke

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ya ẹyẹ Sàmárù sínú ìwé kan.
N kò tíì lọ́kọ, n kò tíì lọ́mọ, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀gà ni mo fi ṣí ojú ewé àkọ́kọ́,
àwọn ẹ̀gà aláriwo orí igi dógóyárò lẹ́yìn ilé wa ní Zaria.
Ọdún méjì, mo ní, yóò ti parí.
Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Fadérera dé nígbà tí mo dé orí àdàbà.
Ọláníhún dé lórí àwòdì, kò sì jẹ́ kí àwòdì ó bà:
ọdún kan gbáko ni ẹyẹ náà fi rọ̀ lófuurufú
láìlẹ́sẹ̀,
nítorí ọwọ́ tí ìbá yà á ń po ògì, ń fọ ìtẹ́dìí.

Omi lórí sítóòfù láago márùn-ún. Kẹ̀kẹ́ Málàm Yúsha'ù níta.
Kíláàsì mẹ́ta, ogójì ọmọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Àṣetiléwá, ẹ̀wà, ìjà lórí ṣíbí aláwọ̀ ewé,
ìtàn kan kí wọ́n tó sùn,
òmíràn nítorí pé ti àkọ́kọ́ kúrú.
Bàbá wọn wà ní Màìdúgùrì nídìí iṣẹ́, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń wálé.
Bí aago mọ́kànlá bá lù, mo jókòó ti tábìlì.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni ó já mọ́ mi lọ́wọ́.
Ojú ń ta mí bí ẹni tí wọ́n fọ́n ata sí.
Mo bu iyọ̀ sí tíì. Mo pe Fadérera ní Àparò.
Lóru Jímọ̀ kan, oorun gbé mi lórí lékeléke,
itọ́ ẹnu mi sọ ìyẹ́ funfun rẹ̀ di ẹrẹ̀.
Nígbà tí mo jí, Ọláníhún ti wà nídìí tábìlì,
bírò lọ́wọ́.
Ó ti ya bàtà fún ẹyẹ mi. Bàtà ilé-ìwé, tòun tokùn.

Mo figbe ta.
Igbe náà tóbi ju bàtà lọ, ọdún mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀.
Ọmọ sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ibẹ̀ ló ti ní,
“Òtútù ń mú un lẹ́sẹ̀ ni.”
Ọyẹ́ ni, lóòótọ́. Inú omi ni mo sì ya lékeléke sí.

Ìyá Díjè, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí fìlà,
gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ògiri.
Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé kúnú wá,
ó fi fìlà kan hàn mí: àwẹ̀ èṣí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ.
“Sannu sannu ba ta hana zuwa,” ó wí,
ó ti abẹ́rẹ́ bọ ihò kan, ó dìde, ó lọ wo ìkòkò rẹ̀.
Èdè tiwa náà ní in: ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Mo ti kọ ọ́ sí pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi,
n kò kà á sí ara mi létí rí.

Mo kó ìwé náà sínú páálí Índómì, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
oṣù méjì.
Mo sùn. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe sùn tó.
Mo rò pé yóò kú síbẹ̀.
Lọ́sẹ̀ kẹta, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.
Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo rí kánnákánná lórí òpó iná,
mo kàn wò ó ni, n kò ka ìyẹ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ìyẹ́ kan ni mò ń yà lálẹ́ kan.
Alẹ́ tí ibà bá wà nílé, kò sí.
Alẹ́ tí ẹ̀rín bá pọ̀ jù láti dìde, kò sí.
Bí mo bá ṣírò rẹ̀, Fadérera yóò ti wọ yunifásítì
kí n tó dé orí òwìwí.
Mo ti yé ṣírò.

N kò pa bàtà yẹn rẹ́.
Láàárọ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè,
Ọláníhún dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́.
Ẹyẹ kékeré kan, àyà rẹ̀ pupa fòò,
ń mu omi tó dà sílẹ̀ lẹ́bàá ike.
“Mọ́mì, ṣé eléyìí ti wà nínú ìwé wa?”

Kò sí níbẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá.
“Wọ bàtà rẹ,” ni mo wí,
èmi náà ò sì kúrò lójú kan.