Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta

Nígbà tí à ń palẹ̀ ilé bàbá mi mọ́
nílùú Lorain, létí adágún Erie,
mo fa àpótí bàtà kan yọ lábẹ́ ibùsùn.
Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ìjà kan ṣoṣo.
Anselmo Cintrón, ọmọ Ponce, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin,
àti ọmọ Toledo kan tí wọ́n ń pè ní Dwight Kessel.
Oṣù Kejì ni, yìnyín bo ìta. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí.

Mo ti èyí àkọ́kọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ.
Iléeṣẹ́ ńlá nìwọ̀nyí, iná wọn tàn yanran,
kámẹ́rà mẹ́fà, òǹkà ń sáré nísàlẹ̀ àwòrán,
wọ́n ń ka ẹ̀ṣẹ́ bí akọ̀wé báńkì ṣe ń ka owó olówó.
Gil Pruett ló di máíkì mú. Ohùn rẹ̀ tutù, ó dùn.
"Ó ti rẹ Cintrón," ló wí ní abala kẹta.
Bàbá mi kò tíì làágùn.
Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tí Gil rí, àárẹ̀ ni.
Bàbá mi fà sẹ́yìn: àárẹ̀.
Ó gbé ọwọ́ òsì sókè: àárẹ̀.
Ó kọjú sí èrò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ẹ wò ó, kò mọ ibi tó wà mọ́."
Ẹ̀ṣẹ́ Kessel ba afẹ́fẹ́, Gil ní ó bà á lágbọ̀n.
Ó sì ń pe orúkọ wa
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ he òkúta nínú ìrẹsì.

Èkejì, èdè Sípáníìṣì. Kámẹ́rà méjì péré,
ọ̀kan ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú.
Don Abelardo Rentas kò mí láti aago dé aago.
Ọmọ wa! Ọmọ erékùṣù wa!
Lẹ́nu tirẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ́ tó ba bàbá mi rí.
Nígbà tí eékún rẹ̀ kanlẹ̀ ní abala keje,
Don Abelardo ní omi ló wà nílẹ̀, ó yọ̀ ni.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo dá a padà, mo tún un wò. Ilẹ̀ gbẹ táútáú.
Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó mú ẹ̀wù òtútù lọ́wọ́,
tó ń wá èjìká tí yóò fi í bò.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.
Mo ti gbọ́ tẹnu ẹni méjì,
n kò sì rí ẹjọ́ kankan dá.

Ẹ̀kẹta kò ní àkọlé.
Iléeṣẹ́ kékeré àdúgbò ni,
àwọn tó máa ń gbé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú sáfẹ́fẹ́.
Asọ̀rọ̀ wọn kò dé lálẹ́ ọjọ́ náà;
bóyá yìnyín dè é mọ́nà.
Kámẹ́rà kan, kò yí ọrùn.
Mo gbọ́ bàtà tí ń họ ilẹ̀. Mo gbọ́ èémí.
Mo gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀:
ó ń dún bí ẹní tútù tí wọ́n ń nà mọ́ ògiri.
Lẹ́yìn náà, ẹnìkan wúkọ́ nítòsí kámẹ́rà.
Obìnrin ni. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀ nídìí ààrò:
"Gbé ọwọ́ òsì sókè, Anselmo."
Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì sókè.
"Fà sẹ́yìn. Jẹ́ kó máa bọ̀."
Ó fà sẹ́yìn.
"Bẹ́ẹ̀ ni, olówó orí mi."
Ó kọjú sí ibi tí ohùn ti wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá mi, tó ti ń búra fún wa láti kékeré
pé inú ọkọ̀ lòun jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà,
pé òun pa rédíò, òun sì ti fèrèsé.

Mo yí ohùn ẹ̀rọ sókè.
Ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń fi ìwé ìròyìn di àwo,
ìwé náà kò dún mọ́.