Ilà Kì í Ṣe Àpá

Ìyá mi jókòó ní Masífà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ òsì lórí àpótí.
Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógójì tí wọ́n ti yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.
Eegun itan dá bí igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ,
dókítà sì ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn
kò ní jẹ́ kó tètè so pọ̀.
"Oyèfúnkẹ́, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ń ṣe nínú ilé yín yẹn?"
Mo ní, "Ìyá, ṣúgà là ń wò."
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìrọ̀rí fi bọ́ sílẹ̀.
"Èyí tí wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn,
òun lo kàwé ọdún mẹ́sàn-án láti máa wò?"

Mi ò lè gbé awo náà wálé kí wọ́n rí i.
Kò ju ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ kékeré lọ,
omi inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, bí omi tí a fi ṣan kọ́ọ̀pù sobo.
Ìbàdí ọkùnrin kan tó já láti orí igi máńgòrò
lọ́nà Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti fa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà.
Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà mọ́kànlá ni wọ́n kọ sára awo.
Wọ́n dà bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá síbi ìkọ́ṣẹ́,
tí kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rá lòun máa dà,
tàbí kerekere, tàbí eegun.

"Ta ló wá ń yan iṣẹ́ fún wọn?"
Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá, níbi tí gọ̀m̀bọ́ ti sọ̀ kalẹ̀
bí ojú ọ̀nà oko àtijọ́.
Mo ní, purotéènì ara sẹ́ẹ̀lì, ilà ni wọ́n ń kọ fún un,
ṣúgà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́,
ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, gígùn níhìn-ín, kúkúrú lọ́hùn-ún.
Ilà yẹn ni ìránṣẹ́ ń wò kó tó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn.
Lóṣù tó kọjá, a gé ẹ̀ka rẹ̀ kù nínú awo mẹ́rin.
Méjì gbọ́ iṣẹ́ eegun kíá.
Ẹ̀kẹta kọ etí ikún.
Ẹ̀kẹrin, ẹ má bi mí: iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, gbogbo rẹ̀ kú.

Ìyá dákẹ́.
"Ṣúgà tèmi ńkọ́?"
Mo wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn wọ́n, mi ò rí i.
"Tiyín, Ìyá, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.
Kò sí olóòlà níbẹ̀, kò sí abẹ, kò sí omi ìgbín.
Ó kàn ń lẹ̀ mọ́ ohun tó bá bá pàdé ni,
eegun á sì gan bí búrẹ́dì ìjẹta."
"Àpá nìyẹn."
"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."
"Ilà kọ́."
"Ilà kọ́."

Lọ́jọ́ kọkànlélógún mo da aró pupa sínú awo kìíní.
Níbi tí eegun ti bẹ̀rẹ̀, ó pọ́n
bí ẹni fi ìka tó kan osùn tẹ ibẹ̀.
Mo yà á sí fóònù, mo gbé e wá sí Masífà.
Ìyá gbé e jìnnà sójú, wọ́n tún fà á mọ́ra.
"Ó mà kéré o."
"Ó kéré."
"Inú eegun lọ́hùn-ún lẹ ti fà á? Mùdùnmúdùn?"
Wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò,
wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀.