Ẹtù Inú Ẹ̀rọ

Mo ti fi èèyàn rẹ́rìn-ín rí, mi ò ní purọ́.
Mo fi Jàmíù rẹ́rìn-ín, àbúrò ọkọ mi, olùkọ́ ìṣirò,
tó gbé kẹ́tùlù oníná ka orí gáàsì,
tí ìdí rẹ̀ yọ́ kalẹ̀ bí òrí tí oòrùn bá nínú abọ́.
Mo fi Ìyá Fáọ̀sì rẹ́rìn-ín, ará ẹ̀yìn ògiri wa ní Tankẹ,
tó ní ariwo fíríìjì kì í jẹ́ kí òun sùn,
ló bá yọ ọ́ nínú iná, ó kó ìborùn mẹ́jọ sínú rẹ̀.
"Àgbàlagbà!" ni mo máa ń wí,
màá sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni ń fa okùn kànga.

Bàbá Bùráímọ̀ wá dé láti Òkélele,
ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ahunṣọ.
Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ni, ó wá sinmi lọ́dọ̀ mi.
Ọjọ́ kẹta, mo bá a níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ,
ó jókòó lórí àpótí, bándéèjì lójú ọ̀tún,
ó ń wo ojú ẹ̀rọ tó rí roboto
bí ẹni ń retí kí àlejò yọjú lójú fèrèsé.
"Níbo ni ẹni tó ń fọ̀ ọ́ máa ń gbà wọlé?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo pe Jàmíù lórí fóònù kó wá gbọ́.
Jàmíù oníkẹ́tùlù! Òun náà rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé ẹ̀wù yín wá."
Ó ní ẹ̀wù òun kì í ṣe aṣọ ẹ̀rọ.
Mo ní ayé ti kọjá bẹ́ẹ̀.
Ó ní, "Rálíátù, ẹtù ni o."
Mo ní, "Ìbáà ṣe ẹtù ìbọn, ẹ̀rọ mi á fọ̀ ọ́."
Mo kó o mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun mẹ́rin,
mo yí i síbi tí omi ti gbóná jù, mo tẹ̀ ẹ́,
mo lọ ra búrẹ́dì.

Àárín iṣẹ́ ni NẸ́PÀ mú iná lọ.
Ìlẹ̀kùn há pinpin, omi dúró sínú ẹ̀rọ,
ó dúdú bí inú ìkòkò aláró.
Mo tẹ èyí, mo tẹ tọ̀hún, mo ta á nípàá.
Ìwé tó bá a wá, èdè àwọn ará Ṣáínà ni.
Èmi olùkọ́ gbogbo ayé,
mo kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ bí ẹni ń bẹ olówó ẹ̀yáwó.
Kí iná tó dé, wọ́n ti kírun alẹ́ tán.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di sánmà.
Ẹ̀wù náà súnkì bí ewé tí iná rà,
ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò bá mu.

Mi ò fi hàn án. Ọwọ́ rẹ̀ ló rí i.
Nínú òkùnkùn, ó na ọwọ́ sí okùn ìsáṣọ,
ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán,
ó ń kà á: awẹ́ kan, awẹ́ méjì.
Ó dúró lórí ọ̀kan.
"Oṣù tí wọ́n bí ọ ni mo hun ibí yìí.
Òjò ò jẹ́ kí òwú gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló já mọ́ mi lọ́wọ́."
Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè,
kò sí ẹ̀gàn lóhùn rẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́:
"Bọ́tìnnì wo ni wọ́n ń tẹ̀ kó padà?"

Orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláró ni mo ṣì ń sùn.

Lánàá, Ìyá Fáọ̀sì ní kí n wá wo áyọ́ọ̀nù tuntun òun,
ó ń tu èéfín, òun ò mọ ohun tó ń dùn ún.
Mo lọ. Mi ò pe Jàmíù.
Mo ní èmi náà ò mọ irú èyí, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.
Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.