Ọ̀fun Ìyá Àgbà

Lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe
ní Àrákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́, ni a ti ń kọ́ ọ,
ní àárọ̀ Sátidé, tí mo bá ti ẹnu iṣẹ́ òru dé,
tí aṣọ funfun mi ṣì ń rùn fún oògùn apakòkòrò.
Èmi, Gbádéró ọmọ Ìwó,
àti ìyàwó kékeré kan tí ọkọ rẹ̀ wà ní Bremen,
tí kò tíì fojú kan ọkọ náà láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọ̀gbẹ́ni Olúwátùyí ni olùkọ́ wa.
Ó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Leipzig
nígbà tí ilẹ̀ Jámánì ṣì pín sí méjì.
Èdè yẹn ló gbé bọ̀ wálé, òun àti kóòtù kan
tí ooru Àkúrẹ́ kò jẹ́ kó wọ̀ rí.

Ó ní: ṣíbí, akọ ni.
Fọ́ọ̀kì, abo.
Ọ̀bẹ kò ṣe akọ, kò ṣe abo.
Gbádéró ní, "Ta ló yẹ̀ wọ́n wò?"
A rẹ́rìn-ín.
Ọmọdébìnrin ńkọ́?
Ó ní bíi ti ọ̀bẹ ni.
Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ìyàwó ará Bremen.
Èmi ń ro "ó" tiwa,
ó ṣoṣo, tó gba bàbá, tó gba ìyá, tó gba ewúrẹ́,
tó gba òjò tó ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè Ìdànrè.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn a máa pẹ́ dé.
O ó ti ka aláìsàn, o ó ti ka bẹ́ẹ̀dì, aago, abẹ́rẹ́,
ìparí gbólóhùn lo ó tó mọ̀
bóyá o gún un, àbí o gbàgbé.

Wo tut es weh?
Ibo ló ń dùn yín?
Òun ni mo kọ́kọ́ há sórí, torí òun ni iṣẹ́ mi.
Lọ́dọ̀ wọn, oyin lọ́tọ̀, egbò lọ́tọ̀.
Lọ́dọ̀ wa, méjèèjì ló ń dùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé orí R.
Ó ní: ẹ má fi ahọ́n pè é, ọ̀fun ni.
Ẹ ṣe bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun
tí kò fẹ́ kí àlejò mọ̀.
Gbádéró gbìyànjú, ikọ́ ló wú.
Ìyàwó ará Bremen pè é títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó kàn mí.
Mo lanu, n kò mọ ohun tí mo ṣe,
ó jáde wẹ́rẹ́:
Frau. Brot. Fragen.
Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Níbo lo ti rí i?"

Níbo?
Òkè-Lísà, ní Òǹdó, lẹ́bàá àdògán,
níbi tí Ìyá Àgbà ti máa ń ka eghó kòkó.
Eghó. Kì í ṣe owó.
Ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti ń gbé e jáde
bí ẹni ń rọra fẹ́ iná tí kò fẹ́ kó jó.
Mo gbé e dé kíláàsì kẹta,
tíṣà wa, ará Ọ̀yọ́, ní ará oko ni mí,
ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọ "owó" nígbà ọgọ́rùn-ún.
Ọjọ́ yẹn ni mo fọ ọ̀fun mi mọ́.
Mo délé ní họlidé, mo ń pe owó, owó.
Ìyá Àgbà wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ.
Kò wí nǹkan kan. Ó ń ka tirẹ̀ lọ.

Lálẹ́ mo pè é lórí fóònù.
Ó ní kí ni wọ́n ń kọ́ mi níbẹ̀.
Mo ní, ohun tí ẹ ti kọ́ mi.
"O sì sanwó fún un? Èló?"
Mo mí kanlẹ̀.
"Eghó ńlá ni, Ìyá."
Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ adìẹ kan lẹ́yìn rẹ̀, tó ń jẹ̀ lọ.
"Tún un sọ," ó ní.