Géètì Ithel

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbé géètì yẹn.
Mi ò ní mo ṣí i. Gbígbé ni.
Ìbàdí sábẹ́ irin kejì, ọwọ́ ọ̀tún lórí ẹ̀wọ̀n,
bàtà òjò nínú ẹrẹ̀,
kí n tó fà á bí ẹni ń fa màlúù tí kò fẹ́ dìde.
Àpò lẹ́tà a máa gbá mi lẹ́yìn,
òjò òkè Wales a máa wọ̀ mí lọ́rùn,
irin a máa ha ilẹ̀, háá-rà-rà,
ajá Ithel a gbọ́, a sì gbó,
Ithel a ti mọ̀ pé lẹ́tà dé kí n tó kanlẹ̀kùn.

"Ọ̀la ni n ó tún un ṣe, Heledd,"
ló wí lọ́dún tí mo gba iṣẹ́.
Ọ̀la yẹn bí ọ̀la mìíràn,
ọ̀la dàgbà, ọ̀la hu irùngbọ̀n.
Mo lóyún Mabli, mo ń gbé géètì.
Mabli wọ yunifásítì, géètì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Àìsàn rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀:
ilẹ̀ àbàtà kò di òpó mú, òpó tẹ̀,
ìwakùn òkè yọ jáde bí eyín arúgbó,
ìpẹtà jẹ bọ́ọ̀tì títí ó fi dà bí igi ìṣáná tó jó tán.
Ẹsẹ̀ géètì sì ti wa ilẹ̀,
ààbọ̀ òṣùpá kan nínú ẹrẹ̀,
òjò ń bu omi sí i, àgùntàn ń mu.

Ọjọ́ Ẹtì kan, mo bá Ithel níbẹ̀,
sípánà mẹ́ta lórí àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo.
Ọjọ́ Ajé ló ti ri òpó tuntun,
ó fún kọnkéré ní ọjọ́ mẹ́rin kó fi ronú.
"Wá bá mi gbé e," ló wí,
"ìwọ nìkan ló mọ ìwúwo rẹ̀."
Mo gbé e. Ìbàdí sábẹ́ irin kejì.
Ó ti bọ́ọ̀tì bọ ìwakùn, ó ń yí i,
ọwọ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ń gbọ̀n,
nọ́ọ̀tù bọ́ sínú koríko lẹ́ẹ̀mejì, a wá a.
Ó na wáyà láti òkè níbi ìwakùn
dé igun ìsàlẹ̀ lódìkejì, ó lọ́ ọ títí ó fi le.
"Jọ̀wọ́ ọ sílẹ̀."
Mo jọ̀wọ́ ọ. Kò wálẹ̀.

Ìka kan ni mo fi tì í.
Ó lọ láìwí nǹkan,
ó kan ògiri òkúta, ó padà wá bá wa.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀la dé nìyí!"
Kò rẹ́rìn-ín.
Ó nu gírísì sára ṣòkòtò, ó wo òkè níbi tí àgùntàn wà.
"Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń bọ̀ lọ́la.
A kì í fi géètì tó wó pàdé ẹni tí ń ra ilé."

Èmi ni mo gbé lẹ́tà wọn wá.
Àpòòwé funfun gígùn, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.
Mo fi ìbàdí là á wọlé,
mo ní kó fọwọ́ síwèé,
mo bèèrè bí orúnkún rẹ̀ ti ṣe,
mo sì bá tèmi lọ, mo ń fọn fèrè lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo tún dé.
Orí mi mọ̀, ìbàdí mi kò mọ̀:
mo tẹ̀ sábẹ́ irin, mo gbé,
géètì fò yọ lọ́wọ́ mi,
mo ṣubú sínú ààbọ̀ òṣùpá
tèmi tìwé iná, tìwé ìpolówó bàtà.
Ajá sùn lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ mi etí.
Mo kanlẹ̀kùn.
Mo gbọ́ tí àga ha ilẹ̀ nínú ilé,
mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀,
ohùn tí wọ́n fi ń pe àlejò:
"Ta nìyẹn?"
Mo ní, "Èmi ni, Ithel.
Géètì ni kò sọ fún ọ."