Pijó Bàbá Mi

Ọdún mẹ́rìnlá ni Pijó bàbá mi fi sùn sábẹ́ máńgòrò,
adìẹ ń yé ẹyin sí ìjókòó ẹ̀yìn.
Mo fi okùn wọ́ ọ dé Òkè-Fìà:
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin, wọn ò rẹ́rìn-ín.
Mo wọ́ ọ dé Sábó. Ọ̀gá ibẹ̀ ò tilẹ̀ dìde:
"Ẹ tà á ní kílò."

Lásísì nìkan ló fi èékánná ha ẹnu ilẹ̀kùn.
Ìpẹtà ń já bọ́, ó ń já bọ́,
títí irin gidi fi yọjú.

A jókòó lórí táyà, a ṣírò:
bọ́dì fílà, tínà, sáńpépà,
ọ̀dà gálọ́ọ̀nù méjì.
Owó mi tán ká tó dé òrùlé.

"Àwọ̀ wo ló ní tẹ́lẹ̀?"
N ò mọ̀. Fọ́tò ilé wa, dúdú òun funfun ni.
Ó ṣí ìdérí táńkì, ó nu abẹ́ rẹ̀:
aró, kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ,
aró yẹn náà
tí kò kúrò lọ́wọ́ ìyá bàbá mi títí ó fi wọlẹ̀.

"Àwọ̀ yìí wọ́n o," Lásísì wí.

Mo ta fóònù mi.
Òrùlé á dúró di oṣù tó ń bọ̀.
Òjò, jọ̀ọ́,
yà sí Ìkìrun ná.